Ọ̀rọ̀ Nípa Igbó àti Kòkó, àti Ẹni tí Ó Yẹ kí Ó Ru Ẹrù Òfin

Àsọyé tí a sọ níwájú ìjọ àti àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún ilé ìsìn wa

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìjọ yìí lélẹ̀ ti sùn nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò sùn, òun ni a jókòó sínú rẹ̀ lónìí.

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ni ó ránṣẹ́ pè wá, wọ́n sì ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ti ń ṣe ìtọ́jú ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ tí Ọlọ́run fi fún ọmọ ènìyàn, àti bí ìtọ́jú náà ti kan oúnjẹ òòjọ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò bí òkun. Bí a bá ní kí a wẹ̀ ẹ́ já, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa lójú omi. Nítorí náà ni a ṣe mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀, tí púpọ̀ nínú wa sì ti jẹ nínú rẹ̀ kí a tó gbọ́n, èyíinì ni ọ̀rọ̀ kòkó. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: òfin tí ó dára lè di àjàgà lọ́rùn ẹni tí kò ní agbára, bí àwọn tí ó ṣe òfin náà kò bá bá a gbé e, àti pé àwa pẹ̀lú, tí a ń gbé Ìbàdàn tuntun yìí, jẹ àgbẹ̀ ní gbèsè tí a kò tíì san tán.

Ohun tí kòkó kọ́ fún wa

Ẹ jẹ́ kí a dúró ní Dùgbẹ̀ kí a sì gbé ojú sókè. Ilé gíga alájà 26 tí ẹ ń wò yẹn, tí gíga rẹ̀ tó mítà 105, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Àwòṣífìlà nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ rí òkè rẹ̀ ní láti ṣí fìlà, Ilé Kòkó ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1965 ni a kọ́ ọ parí. Iná jó o ní ọdún 1985, a tún un ṣe, ó sì dúró títí di òní. Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n; ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tí ó ń rántí ìdí tí a fi fi orúkọ èso igi kan pe irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1958 ni a dá ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń kọ́ ilé sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì ni àdúgbò Bódìjà tí ó ní ojú títì gbọọrọ àti ọgbà òdòdó. Ní ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ tàn ní Nàìjíríà, ní ìlú Ìbàdàn yìí. Ní ọdún 1960 ni a ṣí pápá ìṣeré Liberty ní ìhà Ring Road. Owó tí a fi ṣe nǹkan wọ̀nyí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti inú kòkó wá.

Ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí ó gbà wá. Láti ọdún 1947 ni ìjọba ti dá ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ni yóò dá iye tí a ó san fún àgbẹ̀. Nígbà tí ọjà ayé bá san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbìmọ̀ ni yóò pa ìyókù mọ́. A sọ fún àgbẹ̀ pé a ń tọ́jú rẹ̀ dè é ni, nítorí ọjọ́ tí ọjà yóò bá dẹ̀. Apá kan nínú owó náà lọ jókòó sí London. Apá kejì di ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti ilé gíga. A kò sọ pé ohun búburú ni a fi owó náà ṣe, nítorí pé àwa gan-an tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ jẹ nínú ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ìgbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó kọ́ Ìbàdàn tuntun, ó yẹ kí a ka orúkọ bàbá àgbẹ̀ mọ́ wọn, ẹni tí ó ká kòkó, tí ó fọ́ ọ, tí ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, tí ó sá a sí oòrùn, tí ó sì gbà díẹ̀ nínú iye rẹ̀.

Ìjọ Ọlọ́run pẹ̀lú kò lè sẹ́ gbèsè yìí. Láti ìgbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ti fi Ìbàdàn ṣe ilé ní ọdún 1853 ni ìhìnrere ti bẹ̀rẹ̀ láàrin wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ìgbà tí kòkó dé ni òrùlé páànù rọ́pò koríko lórí ilé ìsìn púpọ̀, àti pé ìgbà tí a bá ta kòkó tán ni ìkórè máa ń dùn.

Ohun tí kòkó jẹ

Ẹ̀yin ará, bí kòkó ti kọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ó jẹ. Ohun tí ó jẹ ni igbó.

Nígbà tí ogun Kírìjì kásẹ̀ nílẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn gbé ìbọn sílẹ̀ wọ́n sì mú àdá. Wọ́n wọ igbó ìhà gúúsù ìlú, wọ́n ṣán an, wọ́n sì gbin kòkó sí i. Àwọn bàbá wọ̀nyí kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé kòkó fẹ́ ìbòòji, nítorí náà wọ́n dá ìrókò sí, wọ́n dá àràbà àti afàrá sí, wọ́n sì gbin obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàrin rẹ̀. Oko kòkó àtijọ́ fi ara jọ igbó lójú ẹni tí ó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ a máa gbó, igi a sì máa darúgbó. Nígbà tí ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí i rẹ̀, àwọn ènìyàn wa kọjá sí ìhà Ifẹ̀, láti Ifẹ̀ wọ́n kọjá sí Oǹdó, níbikíbi tí igbó bá ṣì kù. Bí àgbẹ̀ ti ń sún síwájú bẹ́ẹ̀ ni igbó ń sún sẹ́yìn, títí igbó kò fi rí ibi sún sí mọ́. Lónìí, nínú igbó ọba Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí erin tí ó kù ní agbègbè wa ń sá pamọ́ sí, a ti rí oko kòkó níbi tí òfin ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáko.

Òfin tí ó ti òkè òkun dé

Nísinsìnyí àwọn tí ń jẹ kòkó ti ṣe òfin. Ní ọdún 2023 ni Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí i pé kòkó, kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà, màlúù àti igi gẹdú, àti ohunkóhun tí a bá fi wọ́n ṣe, kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí a ṣán igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ó ti jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó kòkó wọlé ní láti sọ oko tí ó ti wá gan-an, pẹ̀lú àmì ibi tí oko náà wà lórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Bí oko bá ju hẹ́kítà 4 lọ, èyíinì ni nǹkan bí éékà 10, a ní láti fi àmì yí gbogbo ààlà rẹ̀ ká. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àmì kan tó. Sátẹ́láìtì tí ń yí ayé ká lójú ọ̀run ni wọn yóò fi wò ó bóyá igbó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ó sì gbọdọ̀ hàn pẹ̀lú pé a kò rú òfin ilẹ̀ tí oko náà wà.

Ìparí ọdún 2024 ni òfin náà ìbá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n sún un síwájú ní ọdún kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 wọ́n tún sún un sí òpin ọdún 2026 fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, àti sí àárín ọdún 2027 fún àwọn kéékèèké. Ẹ kíyè sí èyí: nígbà tí ó ni àwọn oníṣòwò Yúróòpù lára, a rí àyè sún ọjọ́ síwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíjìn fún wa. Èbúté Amsterdam ní ilẹ̀ Holland ni èyí tí a ń kó kòkó sí jù lọ ní gbogbo ayé, púpọ̀ nínú kòkó Nàìjíríà sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí a bá ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àgbẹ̀ kékeré, ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ń ra kòkó yóò sá lọ sọ́dọ̀ àwọn olóko ńlá tí ó ní akọ̀wé àti àwòrán ilẹ̀; kòkó ti àgbẹ̀ kékeré yóò sì lọ sí ọjà tí kò béèrè ohunkóhun, ní iye tí ó bá wu ẹni tí ń rà á. A ó ti dá igbó sí lórí ìwé, a ó sì ti sọ ìdílé púpọ̀ di òtòṣì.

Ẹ wo bí ọ̀ràn ilẹ̀ ti rí láàrin wa. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ kòkó kì í ṣe onílẹ̀. Wọ́n ti ìlú mìíràn wá, wọ́n sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ ní ọdọọdún. Kò sí ìwé láàrin wọn. Pèrègún tí bàbá gbìn sí ààlà ni ìwé wọn, ẹnu àwọn àgbà sì ni èdìdì tí ó wà lórí rẹ̀. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ṣe ní ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí abẹ́ Gómìnà, ṣùgbọ́n kò fi ìwé sí ọwọ́ àgbẹ̀ Ìdó tàbí ti Olúyọ̀lé. Bí òyìnbó tí ó wà ní Amsterdam bá béèrè pé, "Ta ni ó ni oko yìí?" pèrègún kò lè wọ ọkọ̀ òkun lọ jẹ́rìí.

Ǹjẹ́ òfin náà jẹ́ òdodo?

Àwọn kan yóò wí pé, "Àwọn òyìnbó wọ̀nyí, ṣé àwọn kò ti gé igbó tiwọn tán kí wọ́n tó di ọlọ́rọ̀?" Òtítọ́ ni. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní parí, igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ wọn lọ. Ìgbà náà, ní ọdún 1919, ni wọ́n tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti gbin igi, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún iṣẹ́ náà sì ni ó fi tó nǹkan bí ìdá 13. Bákan náà ni ti èéfín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952 èéfín èédú bo ìlú London mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Ọdún 1956 ni wọ́n tó ṣe òfin tí ó mú afẹ́fẹ́ wọn mọ́.

Láti inú ìtàn yìí ni àwọn ọlọ́gbọ́n kan ti fà á yọ pé kí tálákà kọ́kọ́ di ọlọ́rọ̀ ná, kí ó bàjẹ́ ohun tí ó bá fẹ́ bàjẹ́, pé nígbà tí ó bá yó tán yóò tún un ṣe. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ ọlọ́rọ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún kí èéfín ọdún 1952 tó pa wọ́n. Ọrọ̀ nìkan kò nu èéfín kúrò lójú ọ̀run, òfin ni ó nu ún, òfin náà sì dé lẹ́yìn òkú. Ẹni tí ó bá rí i pé aládùúgbò rẹ̀ ti jó ilé ara rẹ̀ kí ó tó mọ iyì omi, kò yẹ kí ó lọ máa wá ìṣáná. Àti pé kòkó fúnra rẹ̀ kò ní pẹ́ láàrin wa bí igbó bá tán, nítorí pé òjò àti ìbòòji ni ó fi ń so.

Nítorí náà a kò ní wí pé òfin náà burú. Ohun tí ó ń fẹ́, ohun rere ni. Ibi tí a ti ní ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ní ọdún 1992, gbogbo orílẹ̀-èdè pàdé ní Rio ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé ìtọ́jú ayé jẹ́ ojúṣe gbogbo wa, ṣùgbọ́n pé ojúṣe náà kò dọ́gba, nítorí pé ẹni tí ó bàjẹ́ púpọ̀ tí ó sì ní púpọ̀ ni yóò ṣe púpọ̀. Ní ọdún 2009, ní Copenhagen, àwọn ọlọ́rọ̀ ṣe ìlérí pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2020 àwọn yóò máa kó ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù dọ́là jọ ní ọdọọdún fún àwọn orílẹ̀-èdè tálákà. Ọdún 2022 ni iye náà tó kọ́kọ́ pé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó yíyá tí a ó san padà. Ìka kò dọ́gba, gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gbé ẹrù, kì í ṣe ọmọ-ìka ni a ń fi gbé e nígbà tí àtàńpàkò ká ara rẹ̀ kò.

Ohun tí ojú àwọn bàbá wa ti rí

Èyí kọ́ ni ìgbà kìíní tí ẹni tí ó mọ̀wé yóò wọ oko àgbẹ̀ Ìbàdàn pẹ̀lú òfin rere. Ní àárín àwọn ọdún 1940, a rí àrùn kan lára kòkó ní agbègbè yìí, èyí tí ń mú kí ẹ̀ka rẹ̀ wú kí igi náà sì kú. Àwọn amòye ìjọba mọ̀ pé kò sí oògùn rẹ̀ ju kí a gé igi tí ó ní i, àti àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀, kí ó má baà ràn. Ní ti ìmọ̀, wọn kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú àáké wọ inú oko olóko. Àgbẹ̀ rí igi tí ó ṣì ń so èso, tí ó fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, tí a gé lulẹ̀ lójú rẹ̀. Owó ìtùnú tí a fún un kò sì tó ohun tí ó sọnù. Ta ni yóò gbà pé àánú ni èyí?

Àwọn àgbẹ̀ dìde. Ẹgbẹ́ Máyégún ni orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn, wọ́n sì kọ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1950, ìjọba yí ohùn padà, gígé pẹ̀lú ipá sì rọlẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí náà ni ó wá di ẹsẹ̀ tí Olóyè Adégòkè Adélabù fi dúró nínú òṣèlú Ìbàdàn. Àrùn náà kò tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàrin àgbẹ̀ àti ìjọba gba ọgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí owó orí ní ọdún 1968 àti 1969 wọ̀ wọ́n lọ́rùn, Àgbẹ́kọ̀yà dìde, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí òfin tó wọ oko, ó yẹ kí ó kí olóko. Ó yẹ kí a bi í léèrè, kí a ṣàlàyé fún un, kí a sì san iye tí ó tọ́ fún ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Áhábù fẹ́ ọgbà Nábótì, ó sì ní ìdí tí ó dára lójú ara rẹ̀. Gbogbo wa mọ ibi tí ọ̀ràn náà já sí.

Ìtì igi tí ó wà lójú tiwa

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a máa nàka sí òkè òkun nìkan. Ẹ jẹ́ kí a rìn lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ń já igi, tí a sì ń là á. Ta ni ó ń rà á? Àwa ni. Ilé tí a ń kọ́ sí Àgbowó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀bù tí ń yọ lójoojúmọ́ láti Ring Road dé Challenge, àní àga tí ẹ jókòó lé nínú ilé ìsìn yìí, igbó ni ó ti jáde. Nígbà tí gáàsì bá wọ́n, a tún padà sídìí èédú, èédú náà sì ti inú igi wá. Ta ni nínú wa tí ó ti béèrè rí lọ́wọ́ ẹni tí ó ta pákó fún un pé, "Igbó wo ni o ti gé e, ta ni ó sì fún ọ láṣẹ?" Ohun tí Amsterdam fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ wa, àwa kò tíì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ara wa.

A sì ti san díẹ̀ nínú owó àìbéèrè náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 Ògùnpa kún, ó sì gbé ilé àti ènìyàn lọ, ju igba ènìyàn lọ ni ó bá a rìn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 omi tún dé, ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ ni ó kú, afárá sì wó káàkiri. Òjò ni ó rọ̀, a gbà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ti ṣí aṣọ rẹ̀ kò lè mu omi, odò tí a sì da ìdọ̀tí sí, tí a kọ́lé sí bèbè rẹ̀, kò rí ọ̀nà gbà. Ní ọdún 2014 Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ títún odò àti afárá Ìbàdàn ṣe. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n owó yíyá ni, àwọn ọmọ wa ni yóò sì san án. Àwọn tí omi gbé kì í sì í ṣe àwọn tí ó kọ́ ilé sórí òkè. Àwọn tí kò rí ilẹ̀ mìíràn gbé ju etí odò lọ ni. Bí ó ti rí láàrin Yúróòpù àti àgbẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí láàrin olówó Ìbàdàn àti tálákà rẹ̀: ẹni tí ó jẹ kọ́ ni ó ń sanwó.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ̀yin ará, a kò wá síhìn-ín láti ké rara kí a sì lọ. Ohun mẹ́ta ni a gbé síwájú yín.

Èkíní, bí a bá gba Challenge kọjá sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, a ó dé Ìdí-Ayunrẹ́, níbi tí Ilé Ìwádìí Kòkó ti wà láti ọdún 1964. Ní Jẹ́ríkò ni Ilé Ìwádìí Igbó wà. Yunifásítì kò ju ìdajì títì lọ sí Àgbowó. Ìmọ̀ kò wọ́n ní Ìbàdàn. Ìjọ wa sì ní ẹ̀ka ní abúlé púpọ̀ tí a ti ń ṣe kòkó. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún wa kejì, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó ní fóònù lọ́wọ́ lọ sí àwọn abúlé wọ̀nyí, kí wọ́n bá bàbá rìn yí oko rẹ̀ ká, láti pèrègún dé pèrègún, níwájú onílẹ̀ àti aládùúgbò, kí wọ́n sì kọ ààlà náà sílẹ̀. Ìwé náà gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó má ṣe di ohun tí oníṣòwò yóò fi dè é mọ́lẹ̀. Wákàtí kan sí méjì ni ó lè gbà lórí oko kékeré. Àìṣe é lè gba oúnjẹ ìdílé kan.

Èkejì, ẹ̀yin Baba wa nínú Olúwa, ìjọ yín kan ti òkè òkun. Ẹ ní arákùnrin nínú ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ẹ lè kọ̀wé sí. Ẹ sọ fún wọn pé a kò kọ òfin igbó, ṣùgbọ́n pé ẹni tí ó bá fẹ́ kòkó tí kò ba igbó jẹ́, kí ó san iye tí irú kòkó bẹ́ẹ̀ ń ná ẹni tí ó gbìn ín. Kí iye náà dé abúlé, kí ó má dúró ní èbúté. Kí ìjọba tiwa náà sì ṣọ́ igbó ọba bí ẹni ṣọ́ ilé ìṣúra, kí ó sì dá apá kan nínú owó orí kòkó padà sí oko tí ó ti wá.

Ẹ̀kẹta, kí a gbin igi. Ní ọdọọdún ni a ń mú èso ilẹ̀ wá síwájú pẹpẹ nígbà ìkórè. Kí olúkúlùkù ìdílé mú igi kan wá pẹ̀lú, ìrókò, afàrá tàbí obì, kí a sùre sí i, kí a sì rán an lọ sí oko tí ó ti gbó tàbí sí bèbè odò. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí igbó tí kò bẹ̀rẹ̀ láti ara igi kan.

Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn gbin ohun tí wọn kò jẹ. Àwa ni a jẹ ẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn tí yóò pé jọ síhìn-ín ní ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn bá igbó níbi tí a ti dá a sí, kí wọ́n bá odò nínú mímọ́, kí wọ́n sì bá ọmọ àgbẹ̀ ní ìjókòó ọ̀wọ̀ láàrin ìjọ. Kí Olúwa bùkún fún ilé yìí, fún ìlú Ìbàdàn, àti fún gbogbo ẹni tí ó ń fi òógùn ojú jẹun.

Àmín.